Akọ̀wé Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni ọdún ìṣúná máa ń parí ní ọ̀pọ̀ ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Kò ní pẹ́ tí ọ́dítọ̀ á fi kanlẹ̀kùn. Ará ìta ni o. Ta ló ń fi ológbò ṣọ́ ẹja? Kì í ka gbogbo ìwé tán, ó kàn ń ṣà wọ́n yẹ̀ wò ni, bí ìyàwó ilé tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹkùn tó bá ná owó ìjọba àpapọ̀ tó mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ́dún, àyẹ̀wò tirẹ̀ tún le sí i. Dọ́là 750,000 ni tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ mílíọ̀nù kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Mílíọ̀nù ní ìwé. Owó kéèkì ni kí ẹ bi mí! Ẹgbẹ́ akọrin ta kéèkì, tíṣà di owó wẹ́wẹ́ sínú àpòòwé, ó tì í mọ́ dúrọ́ọ̀, ó gbàgbé. Ọ́dítọ̀ dé: "Rìsíìtì dà?" Tíṣà ń wo òkè àjà.

Ti ìlú kéékèèké ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Akọ̀wé kan ṣoṣo ló ń gbowó, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ló ń gbé e lọ sí báǹkì. Ọ́dítọ̀ á kọ ọ́ pé kí wọ́n pín iṣẹ́ náà. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ á fèsì pé òótọ́ ni, àwọn ò lówó tí àwọn máa fi gba ẹlòmíràn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀sùn kan náà, èsì kan náà. Ẹ lè méfò ẹni tí wọ́n ní kó tẹ èsì ọ̀hún.