Ìwádìí Lórí Ọ̀rọ̀ Àgbà Nínú Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ yanjú níhìn-ín: nínú àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èwo ni àgbà? Àwọn tí kò kàwé dé ibi tí a kà á dé a máa sọ pé ẹni tó gba ife jù ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, UCLA tó ní ife 11 ni kó jókòó sórí àga, kí gbogbo wa sì lọ sùn; akọ́nimọ̀ọ́gbá John Wooden nìkan gba mẹ́wàá níbẹ̀ láàárín 1964 sí 1975. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ létí ará Kansas. Ife mẹ́rin péré ni tiwọn, síbẹ̀ ìtàn ìdílé ni yóò fi bò yín mọ́lẹ̀.

Ìtàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, James Naismith, ọmọ Kánádà, gbé apẹ̀rẹ̀ èso kọ́ sókè ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, eré sì bẹ̀rẹ̀. Ní 1898 ó kó lọ sí Kansas, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá àkọ́kọ́ wọn. Phog Allen gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀, ó sì gba ipò rẹ̀. Adolph Rupp gbá lábẹ́ Allen kó tó lọ gba ife mẹ́rin fún Kentucky. Dean Smith náà gbá lábẹ́ Allen kó tó lọ sọ North Carolina di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lójú Kansas, nígbà náà, ọmọ ọmọ tó gbàgbé ọ̀nà ilé ni àwọn méjèèjì. Ohun tí wọn kì í fẹ́ ká tẹnu mọ́ ni pé Naismith jáwé olúborí nígbà 55, ó sì fìdí rẹmi nígbà 60. Nínú gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá Kansas, òun nìkan ni ìfìdírẹmi rẹ̀ ju ìjáwé-olúborí lọ. Èyí jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ kò pọn dandan kó mọ̀ ọ́n ṣe.

North Carolina ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹ wọ gbọ̀ngàn wọn ní Chapel Hill, ẹ gbójú sókè: àsíá ọdún 1924 ń fì lẹ́lẹ́. Ìdíje NCAA, tí a ti ń gba ife tí à ń kà yìí, kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di 1939. Báwo ló ṣe wá jẹ́? Ní 1943, àjọ kan tí Paul Helms, oníbúrẹ́dì ní Los Angeles, gbé kalẹ̀ bojú wẹ̀yìn, wọ́n sì yan ẹni tó gbégbá orókè fún àwọn ọdún tó ti kọjá. Carolina ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 26 ní 1924, ó borí nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n ní tirẹ̀ ni. Kansas ìbá ti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àsíá 1922 àti 1923 tó wà lókè ilé tiwọn, ọwọ́ oníbúrẹ́dì kan náà ló ti wá.

Duke kò jìnnà sí Carolina ju bíi kìlómítà 16 lọ. Aró tó kún ni Duke ń wọ̀, Carolina ń wọ àwọ̀ ojú sánmà. Aláró Abẹ́òkúta yóò ní ìkòkò kan náà ni, ọ̀kan ló tètè yọ. Kí wọ́n lè wọlé wo Carolina, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Duke ń sùn nínú àgọ́ ní ìta gbangba fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà òtútù, wọ́n sì fi orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Krzyzewski, sọ ibùdó náà. A kà á sí ẹ̀sìn. Síbẹ̀, 2022 ni wọ́n tó kọ́kọ́ pàdé nínú ìdíje NCAA: Carolina 81, Duke 77, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Krzyzewski fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Carolina fi àmì 15 ṣíwájú Kansas kí wọ́n tó lọ sinmi. Bàbá àgbà gbà á padà, 72 sí 69.

Ti àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn yunifásítì wọ̀nyí so ara wọn pọ̀ sí kò gba àkókò. Ẹgbẹ́ etíkun Àtìláńtíìkì, ACC, ti gba Stanford tó wà lápá Pàsífíìkì wọlé. Big Ten ní yunifásítì 18.

Ó ku Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Houston. Carolina lé wọn dànù ní 1982. NC State fi 54 sí 52 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1983. Georgetown ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1984. A fẹ́ kọ̀wé ẹ̀sùn sí Southwest Conference, ẹgbẹ́ tí Houston wà nígbà náà. Ó ti túká láti 1996.