Lẹ́tà sí Bọ̀dá Mi Tó Ní Pápá Náà Tẹ́jú

Bọ̀dá mi,

Mo rí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ láti St Andrews, ní Skọ́tílándì. Ẹ dúró lórí afárá òkúta kékeré tó wà lójú odò Swilcan, ẹ fi igi gọ́ọ̀fù tilẹ̀, ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣé Old Course tí gbogbo ayé ń pariwo náà nìyí? Kò sígi, kò sókè, ó tẹ́jú bí ẹní."

Ẹ rọra o. Ẹ ò tíì gbá ẹyọ bọ́ọ̀lù kan níbẹ̀.

Lóòótọ́, pápá gọ́ọ̀fù ìlú ni. Láti 1552 ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà ibẹ̀ ti gba ẹ̀tọ́ láti máa sin ehoro lórí ilẹ̀ náà, tó sì fọwọ́ sí i pé kí ará ìlú máa gbá gọ́ọ̀fù wọn lọ. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ọmọ ta ni yín. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́: ẹ ó fi orúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ ó wá máa retí bí ọmọ tó ń retí èsì JAMB. Wọ́n á tún béèrè ìwé tó fi hàn pé ẹ mọ̀ ọ́n gbá. Èwo lẹ fẹ́ mú lọ, ìwé ìrìbọmi?

Kòtò iyanrìn 112 ló wà nínú ohun tó tẹ́jú yẹn. Láyé àtijọ́, òdìkejì ni wọ́n ti máa ń gbá a, nítorí náà ọ̀pọ̀ kòtò ló kọ ẹ̀yìn sí yín bí onígbèsè. Ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù tó dùn ún wò, ẹ ó débẹ̀, ẹ ò ní rí i. Kádì yín, ẹni tó ń bá yín ru igi gọ́ọ̀fù, á kàn nàka sísàlẹ̀, sínú kòtò tí wọ́n fi ègé ilẹ̀ koríko mọ ògiri rẹ̀, tí wọ́n tò lérí ara wọn bíi búlọ́ọ̀kù. Bọ́ọ̀lù yín á ti lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri náà. Ọlọ́gbọ́n á gbá a sẹ́yìn kó lè jáde. Mo mọ̀ yín, iwájú lẹ máa gbá a sí.

Ọ̀run Àpáàdì ni wọ́n sọ èyí tó wà ní ihò 14. Jack Nicklaus, tó ti gba ife ìdíje gọ́ọ̀fù Open níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bọ́ sínú rẹ̀ ní 1995, ó sì gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó kúrò ní ihò yẹn. Tiger Woods nìkan ẹ má fi ṣe àpẹẹrẹ: ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbá Open níbẹ̀ ní 2000, kòtò kan ò rí i mú.

Gíríìnì, koríko tí wọ́n gé kúrú yí ihò ká, wá ńkọ́? Ihò méjì-méjì ló ń pín ọ̀pọ̀ nínú wọn lò: 2 àti 16, 3 àti 15, ẹ ro wọ́n pọ̀, 18 ló máa ń jẹ́. Àsíá funfun fún àlọ, pupa fún àbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lọ síbi ìgbéyàwó n'Íbàdàn, tí ẹ yà sí gbọ̀ngán kejì, tí ẹ jẹ ìrẹsì, tí ẹ tún náwó fún ìyàwó oníyàwó, èwo nínú àsíá méjì lẹ fẹ́ gbá sí?

N ò tíì dé ihò 17, níbi tí ẹ ó ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí ahéré òtẹ́ẹ̀lì láìrí ibi tó ń lọ. Kòtò ń bẹ níwájú gíríìnì, títì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ sórí títì, orí títì lẹ ti máa gbá a. Ní 1978, Tommy Nakajima ará Japan ti wà lórí gíríìnì jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ó ta bọ́ọ̀lù sí ihò, bọ́ọ̀lù yí wọ kòtò. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló gbá bọ́ọ̀lù kó tó parí ihò náà. Atẹ́gùn òkun ò sì tíì dá sọ́rọ̀ yín o.

Tí kèké ò bá mú yín, ẹ lọ lọ́jọ́ Sunday. Wọn kì í sábà gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tajá-tẹran ló ń nasẹ̀ kiri, ajá gan-an ló pọ̀ jù. Ẹ lè fẹsẹ̀ ara yín wọ Ọ̀run Àpáàdì, kí ẹ sì jáde láìsí wàhálà.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe orúkọ yín, fọ́tò tó. Káàdì tí wọ́n kọ iye tí ẹ gbá sí ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Èmi ni,
Àbúrò yín