Ọ̀rá Ara ní Òpèbí

Ọ̀rá jẹ́ oúnjẹ tí ara fi pamọ́, ara kì í sì í yára fi ohun ìpamọ́ tọrẹ. Kìlógíráàmù kan rẹ̀ tó nǹkan bí 7,700 kálórì. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní òpópónà Òpèbí ní Ìkẹjà lè jó bíi 150; mínírà kan àti Gala kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà Allen ti dá gbogbo rẹ̀ padà pẹ̀lú èlé. Ìṣirò oúnjẹ náà ní òfin tirẹ̀ ní Ìkẹjà: wọn kì í ka ẹran inú ọbẹ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù òde ìnáwó ọjọ́ Sátidé kì í sì í ṣe oúnjẹ, ẹ̀tọ́ ni.

Ìrìn púpọ̀ nìkan kò sì tó: lọ́dún 2012, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn agbára tí àwọn Hadza, ọdẹ ilẹ̀ Tanzania, ń lò lójúmọ́. Pẹ̀lú gbogbo ìrìn wọn, tí a bá ro ìwọ̀n ara mọ́ ọn, kò ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Bí èèyàn bá sì dín oúnjẹ kù, ara náà á dín ìnáwó agbára rẹ̀ kù, ebi á sì pọ̀ sí i. Eré ìdárayá ṣì ń ṣe ọkàn lóore, ó sì ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Bẹ́líìtì nìkan ni kò tíì gbọ́.