Ohun Tí Gbogbo Táíwò Gbọ́, Tí Èmi Ò Gbọ́

Ẹ jẹ́ n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìpàta, ó ti dé Ọjà Ọba, wọ́n sì sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé wọ́n ti ń fi ata àti iyọ̀ sí i ní Tanke.

Iṣẹ́ ohùn ni mo ń ṣe nílùú Ìlọrin. Bí ẹ ò bá mọ̀ mí lójú, ẹ ó mọ̀ mí létí: èmi ni mo máa ń ka ìpolówó àgbo jẹ̀dí kan lórí rédíò, èyí tó fi ìkérora bẹ̀rẹ̀. Inú wọ́dúróòbù ni mo ti ń gba ohùn sílẹ̀, láàárín bùbá àti ìró, nítorí pé aṣọ kì í jẹ́ kí ìró ta padà. Íyápíìsì yẹpẹrẹ tí mo ń lò ló dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí mo ń gbọ́ nínú rẹ̀ ń jò jáde, máíkì ń gbé e, ó wá di pé ohùn méjì ń polówó àgbo kan ṣoṣo. Oníbàárà mi ní òun ò ní sanwó iwin. Ni ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí bá ní kí n lọ ra hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí, tó bo etí pátápátá.

Àmọ́ méjì ló wà. Audio-Technica, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1962, ló ṣe méjèèjì, ọdún 2014 kan náà sì ni wọ́n gbé wọn jáde. Ọ̀kan ń jẹ́ ATH-M40x, èkejì ń jẹ́ ATH-M50x. Dúdú ni méjèèjì, wọ́n ṣeé ká, ẹ ò sì ní mọ èwo lèwo lókèèrè. Ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Táíwò, Áfáà tó ń tà wọ́n pe M40x ní ₦165,000, ó sì pe M50x ní ₦260,000. Mo bi í pé kí ló fa ìyàtọ̀ ₦95,000. Ó ní, "Alhájà, èyí ga ju ìyẹn lọ." Ibi tí àlàyé rẹ̀ mọ nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin tó sìn mí lọ wá ń ka ẹ̀gbẹ́ páálí. Ẹ gbà mí láàyè kí n ṣàlàyé, nítorí mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, kò sì yẹ kó jẹ́ èmi nìkan ni yóò jìyà ìmọ̀ náà. Nínú ife kọ̀ọ̀kan tó ń bo etí, awo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà. Wọ́n ká wáyà tín-ín-rín mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n sì gbé mágínẹ́ẹ̀tì tì í. Bí iná orin bá gba inú wáyà náà kọjá, mágínẹ́ẹ̀tì á máa fà á, á máa tì í, awo á máa gbọ̀n, afẹ́fẹ́ tó ń tì ni etí ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí awo ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ló ń tì í sẹ́yìn. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀ á jẹ́ kí ìró ẹ̀yìn yẹn máa lọ síta. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí á há a mọ́ inú. Ìdí nìyẹn tí máíkì kò fi ní gbọ́ ọ, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà kò sì ní rọ́nà wọlé tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Áfáà kò sọ, tí èmi náà ò sì bi í. Bí rọ́bà etí rẹ̀ kò bá lẹ̀ mọ́ awọ ara dáadáa, afẹ́fẹ́ á yọ́ jáde, báàsì á bá a lọ. Gíláàsì ojú lè fà á, irun dídì lè fà á, gèlè ńkọ́? Èmi rèé, híjáàbù wà lórí mi, mo sì gbé hẹ́dífóònù ka orí rẹ̀.

Áfáà ki okùn bọ fóònù rẹ̀, ó tẹ orin fújì kan. Mo gbé M40x sétí, kò sí báàsì. Mo gbé M50x sétí, kò sí báàsì. Mo ní kó gbé ohùn sókè, ó gbé e. Mo ní kó tún gbé e. Ó wò mí lójú, ó gbé e dé òpin. Ìgbà yẹn ni ìlù wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú agbárí mi, tí ayé yòókù pa rẹ́. Mi ò gbọ́ ọ̀kadà, mi ò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì, mi ò gbọ́ ara mi.

Ni mo bá fa àbúrò mi mọ́ra kí n bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà nìyí, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó gbọ́ ọ ṣe bá mi kó o jọ: "Má jẹ́ kí Áfáà yìí gbọ́ o. ₦180,000 ló wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ₦120,000 ni màá pè. Tó bá kọ̀, ká ṣe bí ẹni ń lọ. Tá a bá ti dẹ́nu ọ̀nà, á pè wá padà. Ṣé o ò rí i pé kò tíì tajà láti àárọ̀ ni? Wo irùngbọ̀n rẹ̀, bíi ti òbúkọ tó ṣẹ́kù lọ́jà lẹ́yìn Iléyá."

Àbúrò mi la ojú sílẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ó tún ń ká ẹsẹ̀. Mo rò pé fújì ló ń jó. Mi ò tilẹ̀ bi ara mi pé báwo ló ṣe ń jó orin tó wà létí mi nìkan. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo sì bá ọ̀rọ̀ mi lọ: "Bí bàbá àwọn ọmọ bá bi ọ́, owó iṣẹ́ ni mo fi rà á o. Má sọ fún un pé mo ti kó àjọ."

Ẹ rántí pé ohùn yìí ni mo fi ń jẹun. Inú ikùn ni wọ́n ti kọ́ mi láti máa gbé e wá, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ geere. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ó fo gọ́tà, ó bá àwọn ọlọ́kadà lórí ìjókòó wọn. Mo rí i tí èrò ń pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí gbogbo wọn ń wo orí mi, mo ní áà, ọjà yìí mà wuyì o. Mo na àtàǹpàkò sí wọn. Ọlọ́kadà kan yọrí wọlé, ẹnu rẹ̀ ń lọ, gbogbo èrò sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó wí fún mi: "Ṣé ìyá alágbo jẹ̀dí kọ́ nìyí?" Èkejì rẹ̀ ní, "Òun ni! Ẹ ní kó kérora díẹ̀ ká gbọ́!"

Áfáà kò bínú. Ó kàn na ìka kan, ó dá orin dúró. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo wá gbọ́ ohùn ara mi, ó ṣì ń ròkè lálá: "...mo ti kó àjọ!"

Áfáà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Alhájà, òbúkọ kí yín o. Ó ti di ₦180,000."

Mo ní, "Ṣebí ₦165,000 lẹ pè é!"

Ó ní, "Mi ò tíì mọ iye tó wà lọ́wọ́ yín nígbà yẹn."

Kò tíì tán. Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń ra mẹ́mórì káàdì wààsí. Ó yíjú padà. Àbúrò ìyá ọkọ mi ni. Ó rọra ní, "Ìyàwó wa, o kú àjọ o." Mo yára kúnlẹ̀ kí i, mo gbàgbé pé okùn so mí mọ́ fóònù Áfáà. Okùn tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ náà nà, ó nà, ó fa fóònù kúrò lórí tábìlì, ó sọ ọ́ sí mi lẹ́yìn. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é tí kò fọ́.

Kì í ṣe orí mi ló dàrú. Dókítà etí kan ní ilẹ̀ Faransé, Étienne Lombard, ti kọ̀wé nípa ọ̀ràn yìí láti ọdún 1911. Etí la fi ń wọn ohùn ara wa. Bí ariwo bá bo etí, ohùn á gòkè fúnra rẹ̀, ẹni tó ni ín kò ní mọ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi ọgbọ́n náà mú àwọn tó ń díbọ́n pé àwọn di adití: wọ́n á da ariwo sí wọn létí bí wọ́n ṣe ń kàwé, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá gòkè, irọ́ ló ń pa. Ká ní Lombard wà lọ́nà Táíwò lọ́jọ́ náà, ì bá kọ̀wé mìíràn.

Níbi tó dé yìí, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi o. Mo bú irùngbọ̀n ẹni ẹlẹ́ni, mo sì ti tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọjà tó wà nínú páálí, tí kò paradà, fi ń gbowó lórí bí ojú oníbàárà bá ṣe rí? Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé kí wọ́n fi iye owó hàn lára ọjà, kí oníbàárà láǹfààní láti yẹ ọjà wò, kí wọ́n sì sọ ọ́ gbangba bó bá jẹ́ tókúnbọ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà, kò sí iye owó lára ohun kan. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ gàdàgbà-gadagba, ara rìsíìtì ló wà: ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ní yíǹkì láti kọ!

Ṣá, mo ti tẹ́ tán, kò tún sí ohun tí mò ń pa mọ́. Mo bọ́ sí kọ̀rọ̀, mo ki ife méjèèjì bọ abẹ́ híjáàbù. Báàsì dé! Ó wà nínú méjèèjì látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí Áfáà yọ fújì, kó fi dadakúàdà Odòlayé Àrẹ̀mú sí i, nítorí ìlù gbankọgbì máa ń mú kí gbogbo ẹ̀rọ dà bí ẹni pé ó dára, ohùn ènìyàn ló ń tú àṣírí. Àbúrò mi sì ń rẹ ohùn M50x sílẹ̀ díẹ̀, torí ó fi bíi decibel kan lágbára ju èkejì lọ, èyí tó bá sì ròkè díẹ̀ ni etí máa ń pè ní èyí tó dára. Nígbà tí wọ́n dọ́gba, M50x fi báàsì lé e, ó sì dán lókè. M40x kàn gbé ohùn kalẹ̀ bó ṣe wà.

Mo ra M40x. ₦175,000 ni mo san, Áfáà ní ₦5,000 tí òun yọ jẹ́ nítorí àgbo jẹ̀dí, ó ti wúlò fún òun rí. Baálé mi ti kí mi kú àjọ kí n tó bọ́ bàtà.

Ìdájọ́ mi nìyí fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Awo M50x jẹ́ mìlímítà 45, ti M40x jẹ́ 40. Okùn mẹ́ta ló wà nínú páálí ti àkọ́kọ́, méjì nínú ti èkejì, gbogbo wọn ló sì ṣeé yọ. Wọ́n kọ 28,000 Hz sára ọ̀wọ́n, 24,000 sára pọ́ọ́kú, àmọ́ etí ọmọ ènìyàn kì í kọjá 20,000, ti àgbàlagbà kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀. Àdán ló ni èyí tó kù, kò sì bá mi dá owó. Bí orin ijó lẹ ń tò pọ̀, tí owó sì wà, ẹ ra M50x. Bí ohùn ènìyàn ni, wààsí, ìròyìn tàbí ìpolówó, M40x ti tó, ẹ fi owó yòókù ra máíkì gidi. Ẹ jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ etí kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Bí ẹ bá sì ní àṣírí tẹ́ ẹ fẹ́ bá ẹni tẹ́ ẹ jọ lọ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ létí.