Ìjàpá Di Ọ̀gá Akọ̀wé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó sì kan Ọ̀kín, akọ̀wé ààfin.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Ọ̀kín ni akọ̀wé ọba Kìnnìún. Ìwé ẹ̀rí mọ́kànlá ló gbé kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, gbogbo wọn ló sì fi díńgí bò. Ehoro ń gbowó oṣù níbẹ̀ torí pé ó ń nu díńgí. Ìjàpá ni ìránṣẹ́. Òun ló ń gbé lẹ́tà láti ààfin lọ sọ́jà, láti ọjà lọ sí òkè odò. Ẹ sì mọ ẹsẹ̀ Ìjàpá. Ibi tí Ìgalà ń dé kí oòrùn tó yọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ìjàpá fi ń rìn ín. Kí ló fẹ́ máa ṣe lójú ọ̀nà? Ó ń ka lẹ́tà. Ó ń kà á lọ, ó ń ka èsì rẹ̀ bọ̀, títí ó fi mọ irú lẹ́tà tí wọ́n ń dá lóhùn àti irú èyí tí wọ́n fi ń dáná. Bó ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tí í fúnni níwèé ẹ̀rí nítorí ìrìn fàà.

Ní ọdún kan, odò kún, afárá wó. Kìnnìún fẹ́ yá ọkọ̀ ojú omi méjì lọ́wọ́ Erin, ọba òkè odò. Ọ̀kín fi ọjọ́ méje kọ lẹ́tà. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Sí Kábíyèsí, òkè ńlá tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tí ọ̀nà ń há nígbà tó bá ń kọjá...” Oríkì kún ojú ewé mẹ́ta bámúbámú. Ọkọ̀ méjì tí wọ́n fẹ́ yá wà nísàlẹ̀ ojú ewé kẹta, lẹ́yìn “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.” Erin kà á dé “òkè ńlá tó ń fẹsẹ̀ rìn,” inú bí i. Ó ní Kìnnìún ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun sanra. Kò kà á dé ìsàlẹ̀ tó fi ní kí wọ́n lu ìlù ogun.

Ìjàpá tó gbé lẹ́tà dé ni ikú kọ́kọ́ ń wò lójú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kábíyèsí, ẹ má bínú, ìwé tí a kò tíì tún ṣe ni mo ṣèèṣì gbé fún yín. Èyí tó pé wà lábẹ́ igbá ẹ̀yìn mi.” Ó yà sí ìdí ọ̀pẹ, ó fa gègé yọ. Ó fi ìlà pa gbogbo oríkì rẹ́, ó pa “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ” rẹ́, ó wá da ìyókù kọ: “Ọba Erin, a kí yín. Odò kún, afárá wa wó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wa ní ọkọ̀ méjì fún oṣù kan. A ó dá wọn padà pẹ̀lú àpò iyọ̀ méjì. Èmi Kìnnìún.” Erin kà á tán lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó ọkọ̀ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n délé, Kìnnìún fún Ọ̀kín ní ọ̀kẹ́ owó kan. Ọ̀kín fọwọ́ gbá Ìjàpá lẹ́yìn, ó ní, “O ṣé, Ọlọ́run á san án fún ọ. Orúkọ rẹ á tàn.” Ẹni tó bá ti bá èèyàn tún ìwé ṣe rí mọ owó yẹn dáadáa. Kì í ra gàrí. Ìjàpá kò fèsì. Ó lọ dúró síwájú ààfin, ó fi orin sí i:

Lílé: Ta ló kọ lẹ́tà tó dá ogun dúró?
Ègbè: Gègé ń ró wóṣó-wóṣó
Lílé: Ọ̀kín ló gbowó, èmi ni mo kọ ọ́
Ègbè: Gègé ń ró wóṣó-wóṣó
Lílé: Ìwé ẹ̀rí ń bẹ lára ògiri
Ègbè: Gègé ń ró wóṣó-wóṣó
Lílé: Ẹ ní kí ògiri kọ òmíràn ká rí i
Ègbè: Gègé ń ró wóṣó-wóṣó

Àwọn ará ọjà gbè é títí Kìnnìún fi jáde. Ó ní kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lójú òun. Ọ̀kín ní ọwọ́ òun kì í yá bí òun kò bá sí nínú ọ́fíìsì òun. Bí ìlú ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn kan ní kí Ìjàpá máa kọ ọ́ lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ìtìjú gbáà ni, pé kí ni àwọn ará òkè odò yóò máa wí bí wọ́n bá gbọ́ pé ìránṣẹ́ ló ń kọ lẹ́tà ọba wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹranko nìkan o. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré ni Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, lò nílé ìwé. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Faber and Faber tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London ní 1952. Ojú ti àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé nítorí irú Gẹ̀ẹ́sì tó kọ. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ta ìwé náà, wọ́n ṣì ń rà á. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àlọ́.

Ìjàpá fi iṣẹ́ ìránṣẹ́ sílẹ̀. Ó gbé tábìlì àti agbòòrùn lọ sábẹ́ ìrókò tó dojú kọ kóòtù, ó kọ ọ́ sára pátákó: “Lẹ́tà tuntun, irinwó owó. Títún ìwé tò, igba. Wíwá àṣìṣe nìkan, ọgọ́rùn-ún. Ẹ san ìdajì kí n tó ṣí gègé.” Ẹni tó bá bi í léèrè ìwé ẹ̀rí, yóò ní kó mú ojú ewé kan wá, òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́; bí kò bá wù ú, kó máa gbé e lọ. Ojú ewé kan yẹn ló ń mú wọn.

Ẹkùn dé, ó ní, “Kékeré ni, ṣáà bá mi fojú gbà á fìrí.” Ìjàpá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ojú tí mo fi ń gbà á ń jẹun.” Ewúrẹ́ kó ogójì ojú ewé dé, ó ní òun kàn fẹ́ kó bá òun wá àṣìṣe ni. Ìjàpá kà á, kò rí orí, kò rí ìrù. Ó ní, “Ìyá, ti igba lèyí, kì í ṣe ti ọgọ́rùn-ún. Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ wà lójú ewé kẹtàlélógún.” Ewúrẹ́ hanu títí, ó san án. Ọ̀kín pàápàá ń wá lóru, tó ń fi ìyẹ́ bo ìwé mọ́ àyà kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Bí Ìjàpá bá dúró síbẹ̀, ǹ bá ti parí àlọ́ mi. Ṣùgbọ́n Ìjàpá kọ́ là ń sọ yìí? Ó wò ó pé lẹ́tà kan, irinwó ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, ọ̀kẹ́ kan lè jáde lápò rẹ̀. Ó bá dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Pátákó tuntun ní: “Di olówó nínú ìwé kíkọ ní ọjọ́ méje, láìní ìwé ẹ̀rí!” Ní ọjọ́ keje, ó fún gbogbo wọn ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó gbà á wá lẹ́tà kọ títí, wọn kò rí, ni wọ́n bá dá ilé ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ kí owó wọn lè padà. Nígbà tí ọdún fi yípo, ilé ẹ̀kọ́ ìkọ̀wé mẹ́rìndínlógún ló wà nílùú, lẹ́tà tí ìlú ń kọ lóṣù kò sì pé mẹ́wàá.

Nígbà náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wá tọrọ iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká. Ìjàpá tẹ́ ẹsẹ̀ sórí tábìlì, ó bi í pé, “Ìwé ẹ̀rí rẹ dà?”

Kò pẹ́ tí Kìnnìún tún fẹ́ kọ̀wé sí Erin, ó sì ní kí Ìjàpá kọ ọ́. Ìjàpá mú gègé, kò rí kọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ni, tí kò kọ nǹkan kan. Ó yọ́ lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́ lóru. Ọ̀kẹ́rẹ́ béèrè ìdajì owó. Ìjàpá ní kó fara balẹ̀, orúkọ rẹ̀ á tàn. Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Lẹ́tà náà nìyí:

Ọba Erin, a kí yín.
Kìnnìún tún ń kọ̀wé sí yín.
Ẹ ṣeun fún ọkọ̀ tí ẹ yá wa lọ́jọ́sí.
Rírà la fẹ́ ra méjì lọ́tẹ̀ yìí.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá owó lé wọn.

Kìnnìún yọ̀, ó kó ọ̀kẹ́ méjì fún Ìjàpá. Owó náà kò tíì wọ àpò tán tí orin fi bẹ̀rẹ̀ lórí igi iwájú ààfin:

Lílé: Ta ló kọ lẹ́tà tí ọba ń yọ̀ sí?
Ègbè: Gègé ń ró wóṣó-wóṣó
Lílé: Ìjàpá ló gbowó, èmi ni mo kọ ọ́
Ègbè: Gègé ń ró wóṣó-wóṣó
Lílé: Ẹ wo orí ìlà, ẹ kà á wá sílẹ̀
Ègbè: Gègé ń ró wóṣó-wóṣó
Lílé: Orúkọ tẹ́ ẹ bá rí, òun ni kẹ́ ẹ sanwó fún
Ègbè: Gègé ń ró wóṣó-wóṣó

Kìnnìún tẹ́ lẹ́tà náà, ó fi èékánná tẹ̀ lé orí ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbójú sókè wo Ìjàpá. Orí Ìjàpá ti wọnú igbá.

Ọba gba ọ̀kẹ́ méjèèjì, ó kó wọn fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá bá èèyàn kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé sára ìwé náà. Ẹ má rò pé àlọ́ lásán ni: irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ṣe ní Nàìjíríà ní 1915, fún àwọn akọ̀wé tó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà.

Ní ti Ìjàpá, ojú tì í fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún pátákó kùn, ó sọ owó ilé ẹ̀kọ́ di ọ̀kẹ́ méjì. Ó ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kó kọ lẹ́tà kan lójú yín.