Ìbúra Ẹ̀fọ́ Lẹ́ẹ̀rùn

Ìgbà ara là ń búra. Ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ ojú ọ̀run bí ẹní mowó. Wọ́n mọ̀ pé nígbà tí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Bélú, àrá kì í fi bẹ́ẹ̀ sán mọ́ títí Ẹrẹ́nà yóò fi dé. Ẹni tó bá wá fi Ṣàngó búra láàárín ìgbà náà, èké ọlọ́gbọ́n ni. Ó ti gbójú sókè, ó rí i pé ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkúukùu, ó wá la ẹnu gbàgà: "Bí mo bá tún ṣe é, kí Ṣàngó pa mí!" Pẹ̀lú àrá wo?

Ẹ má rò pé ìbúra ẹ̀ẹ̀rùn ti tán láyé nítorí pé Ṣàngó kò sí lẹ́nu wa mọ́. Ohun tí a fi ń búra nìkan la pààrọ̀. Ẹ wo ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí wọ́n ti ti ìsìn àìsùn dé, tí ìrẹsì ọdún ṣì kún fíríìjì, tí ẹran ewúrẹ́ kò tíì dà nínú ẹni tó jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni baálé ilé máa ń dìde níwájú ìyàwó àtọmọ, tí yóò ní láti òní lọ, ẹ̀fọ́ lòun ó máa jẹ, òun ò tún ní fojú kan ẹran díndín mọ́. Ẹ jẹ́ ká pe ọkùnrin náà ní Búraníṣẹ́rẹ́. Ará Ìbàdàn ni, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní mọ́tò, ikùn rẹ̀ sì ti ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé.

Àkókò wo ló yàn? Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè ń là, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Gbúre ẹ̀yìnkùlé ti gan. Ẹ̀bọ̀lọ̀, tó jẹ́ pé òjò ló ń pè é jáde, kò sí lórí igbá ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀nba tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tó wà lọ́jà, àkùrọ̀ ló ti wá, tàbí etí odò tí àwọn olóko ti ń ru omi láàárọ̀ lálẹ́ kí ewé má baà kú. Ìdì rẹ̀ tín-ín-rín, owó rẹ̀ gọbọi.

Búraníṣẹ́rẹ́ dé Bódìjà, ó fọwọ́ kan ìdì tẹ̀tẹ̀, ó béèrè iye rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹ̀fọ́ sílẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ̀ẹ̀rùn ni o," ni ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ wí. "Omi gan-an, owó la fi ń gbé e dóko."

"Ẹ fènì sí i nígbà náà, Ìyá."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ padà wá nígbà òjò. Màá fènì sí i títí ẹ ó fi ní ó tó."

Ó ra ìdì mẹ́ta. Wọ́n ṣà á, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n gbé e kaná, gbogbo rẹ̀ súnkì di ẹ̀kúnwọ́ kan. Kí Èrèlé tó dé ìdajì, ó ti padà sídìí ẹran díndín. Ó ní ẹ̀fọ́ ti wọ́n jù, ìjọba ló fà á. Nígbà tí òjò wá dé lóòótọ́ ní Igbe àti Èbìbí, tí ẹ̀fọ́ kún ọjà débi pé wọ́n ń tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Búraníṣẹ́rẹ́ ń wa mọ́tò kọjá, ó yí gíláàsì sókè, ó ń wo iwájú. Kò sẹ́ni tó rán an létí ohun tó sọ, òun náà kò sì rán ara rẹ̀ létí. Nítorí náà ni mi ò ṣe pè é ní òmùgọ̀. Bíi ti ẹni tó bú Ṣàngó nínú ọyẹ́ náà ni: ó yan ìgbà tí ẹlẹ́rìí kò sí nílé.

Ìbúra rẹ̀ kì í sì í kú láìlówó nínú. Kí ó tó kú, yóò ti ra ìyẹ̀fun mọ̀ríńgà inú ike, yóò ti ra tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ìfun mọ́ tónítóní, yóò ti ra ẹ̀rọ ìlọta tí wọn kò gbọdọ̀ fi lọ ata. Láràárọ̀, yóò lọ ewé tútù mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, oyin àti mílíìkì, yóò gbé fóònù sókè, yóò ya ife náà ní fọ́tò kí gbogbo ayé lè rí i. Ìyá rẹ̀ tó ti ń jẹ ewé láti kékeré kò ya ọbẹ̀ rí. Láti ilé Búraníṣẹ́rẹ́ lọ sí ibi tó ti ń ra ìyẹ̀fun rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba Jẹ́ríkò kọjá, níbi tí NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́, ti wà ní Ìdí-Ìṣin láti 1975. Kò bojú wo ẹ̀gbẹ́ rí.

Bí ó bá tilẹ̀ ní òun jẹ ẹ̀fọ́, ẹ bá mi wo inú àwo. Bí òde ìnáwó bá ni, sàláàdì ni: kábéèjì díẹ̀, kárọ́ọ̀tì díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹyin, makaróní, ẹ̀wà inú agolo àti ọ̀rá funfun tí wọ́n dà lé e títí kábéèjì fi rì sísàlẹ̀. Bí ilé oúnjẹ bá ni, ẹ̀fọ́ ẹlẹ́mìí méje ni yóò ní kí wọ́n bu wá. Ẹran wà níbẹ̀, ṣàkì wà níbẹ̀, pọ̀nmọ́, bòkótò, ìgbín, edé àti pánla wà níbẹ̀. Ẹ̀mí méje ti lọ, ẹ̀fọ́ nìkan ni kò rí àyè jókòó. Èmi kò bá ẹran jà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ irú ọbẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ sọ fún dókítà pé ẹ̀fọ́ lòun jẹ lálẹ́ àná.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ ó kéré tán gírámù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́. Búraníṣẹ́rẹ́ gbọ́ èyí lórí rédíò, inú rẹ̀ dùn, ó ní ti òun ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iyán lòun jẹ lọ́sàn-án. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ síwájú sí i: iṣu kò sí nínú ìṣirò náà, pákí kò sí níbẹ̀, ọ̀dùnkún kò sí níbẹ̀. Ó pa rédíò.

Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀ẹ̀rùn kò wá sí ọ̀dọ̀ wa lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí Búraníṣẹ́rẹ́ ń bá ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ jìjàdù ní Ṣẹ́rẹ́, àgbálùmọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tàn yanran. Ọsàn kún ọkọ̀ akẹ́rù. Kò ní pẹ́ tí máńgòrò yóò fi tẹ̀ lé wọn. Ewúro, igi tó mọ bí a ti ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀, ṣì dúró ní ọgbà pẹ̀lú ewé lórí. Tòmátì náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tirẹ̀. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń bomi rin ín, ní agbègbè Kánò àti Kàdúná, ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ń ká a, tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ lówó ní Bódìjà. Ìgbà òjò ni ó máa ń gbówó lórí. Bí kòkòrò bá tún wá dá sí i, bó ti ṣẹlẹ̀ ní 2016 nígbà tí ìjọba Kàdúná kéde pàjáwìrì nítorí tòmátì, ó di ohun tí à ń kà lóókan lóókan.

Nítorí náà, nígbà tí tòmátì àti àgbálùmọ̀ pọ̀, ẹ̀fọ́ ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń sunkún. Nígbà tí ẹ̀fọ́ bo ọjà, tòmátì ló ń sunkún. Àwọn ìyá wa kò sunkún èyíkéyìí. Nígbà òjò, wọ́n á rẹ́ ilá, wọ́n á sá a sóòrùn nígbà tí oòrùn bá yọjú, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á gún un, ọbẹ̀ orúnlá á délẹ̀. Wọn kò fi ìgbà kan búra fún ìgbà mìíràn.

Òjò ni kí a wá sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí òjò ni ìjọba ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ tí kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́ á dé, ṣọkọ á dé, ewédú á rú, amúnútutù á máa fà lára ọgbà. Ẹ̀bọ̀lọ̀ á hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí, pàápàá lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá a dọ́rẹ̀ẹ́ kì í padà lẹ́yìn rẹ̀. Worowo á máa gbèrú lábẹ́ òjìji kòkó. Yánrin wà, ìṣápá wà, ọ̀dú wà. Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko, àmọ́ ọmọ-ọmọ olóko ti di ẹni tó ń fi Google wá a. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal mọ̀, tí kò mọ gbúre yàtọ̀ sí koríko. Kò sì tijú.

Àwọn ẹlòmíràn kò jẹ́ kí ewé tiwọn bọ́ lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ní Káírò, ọba kan, Al-Hakim, tó jọba láti 996 sí 1021 fi òfin de ewédú, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní mulukhiyah. Wọn kò pàdánù rẹ̀. Títí di òní wọ́n ń sè é. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba orí òkun lọ kò mú ìkòkò kankan dání, síbẹ̀ efó ṣì lorúkọ ọbẹ̀ ewé wọn, epo pupa àti edé gbígbẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Òfin ọba kò gba ewé lẹ́nu àwọn ti Káírò, oko ẹrú kò gbà á lẹ́nu àwọn ti Bàhíà. Kí tiwa tó kúrò lẹ́nu wa, kò nílò òfin, kò nílò oko ẹrú. Ìtìjú lásán ló ṣe é: kí àlejò má baà wọlé bá wa nídìí ẹ̀fọ́ tí kò lẹ́ran, kí ó lọ sọ pé nǹkan ti ń le fún wa.

Ilé ìdáná náà lẹ́bi tirẹ̀. Àwọn kan á bọ ẹ̀fọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi di ti aṣọ ológun àtijọ́, wọ́n á fún un gbẹ, wọ́n á da omi rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Púpọ̀ nínú fítámì C ti bá omi náà lọ; koríko ẹ̀yìn ilé ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Wọ́n á da káún sí ewédú kí ó lè tètè rọ̀, káún náà á tún gba nínú ìwọ̀nba tó kù. Bíbọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú o, ó tilẹ̀ ní ìdí. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ní èròjà oxalate, tó lè di òkúta nínú kíndìnrín àwọn ẹlòmíràn, omi gbígbóná sì ń dín in kù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń lọ gbúre tútù mu láràárọ̀ rora. Epo pupa ńkọ́? Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀ bó bá mọ níwọ̀n. Ara nílò ọ̀rá díẹ̀ kí ó tó lè rí fítámì A fà jáde nínú ewé, pupa ara epo náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ara ń sọ di fítámì A. Ẹni tó bá wá gbé epo kaná títí pupa rẹ̀ fi ṣí, oúnjẹ ló jó dànù.

Bí Búraníṣẹ́rẹ́ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, kí ó fi oṣù Ṣẹ́rẹ́ jẹ àgbálùmọ̀ àti ọsàn, kí ó pa ẹnu mọ́. Nígbà tí òjò kejì tàbí ìkẹta bá rọ̀, kí ó wá búra. Kí ìbúra náà kéré: kí ọbẹ̀ alẹ́ máa ní ewé nínú, kí ewé náà sì ju ẹran lọ. Kó má lé ẹran jáde, kó má ra ẹ̀rọ, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ó da ilẹ̀ sínú àpò ìrẹsì mélòó kan tàbí garawa tó ti jò, kí ó fọ́n hóró tẹ̀tẹ̀ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí kí ó lé díẹ̀, yóò ti máa ká a. Gbúre kò tilẹ̀ béèrè hóró. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ kì í bọ ilẹ̀, á hù. Ẹ gé e jẹ, á tún rú. Ìbúra tó ní ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé ní ẹlẹ́rìí. Bí ó bá gbàgbé, ewé náà á ga dé ojú fèrèsé, á máa wò ó.

 Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ sọ́jà nígbà òjò, ẹ kọjá lára àwọn alágbàtà tó jókòó síwájú, ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ti abúlé wá, kí ẹ béèrè ẹ̀bọ̀lọ̀ àti worowo. Ẹ tètè lọ, nítorí kì í pẹ́ tán. Kí ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ dání, wọn kì í ní ṣéńjì.