Ọ̀yà Tó Wọ Bàtà

Bí itan àgbò bá ti wọ ilé mi nígbà Iléyá, gbèsè ti wọlé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájì, kì í fi nǹkan kékeré ránṣẹ́. Odindi itan ni, pẹ̀lú ìrẹsì nínú kúlà tó kún dé ẹnu. Ní Àjàṣẹ́-Ìpo níbí, bó ṣe rí káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, ó wọ́pọ̀ kí Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ jọ wà nínú agbo ilé kan. Bàbá kan, ìyá kan ló bí èmi àti Àlàájì. Òun bá kéwú lọ, èmi bá ṣọ́ọ̀ṣì lọ, a sì jọ ń gbé inú ọgbà kan náà. Nítorí náà, bí Kérésìmesì bá dé, ó di dandan kí èmi náà san gbèsè. Ìrẹsì àti adìẹ tí Àáfà bá mi dúńbú ni mo fi ń san án láti ọdún gbọọrọ, kò sì sí ẹni tó ráhùn rí. Ta ló wá rán mi níṣẹ́ pé kí n yí i padà?

Ìrìn-àjò ló kó bá mi. Àjàṣẹ́ tiwa yìí ni ìkóríta tí ọ̀nà Ìlọrin ti pín, ọ̀kan gba Ọ̀fà, èkejì gba Òró lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Àjàṣẹ́ mìíràn wà ní ilẹ̀ Benin, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ibẹ̀ ni mo ti lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, mo sì bá àwọn Àgùdà lẹ́nu ọdún Bonfim wọn. Àwọn Àgùdà yìí ni ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dì ní Bahia ní 1835. Wọ́n jó yí ìlú ká, wọ́n gba máàsì, wọ́n wá gbé feijoada kalẹ̀.

Ẹ̀wà ni, àmọ́ kì í ṣe irú ẹ̀wà tí a mọ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti yọ́ wọ inú rẹ̀, omi rẹ̀ ki, ọ̀rá rẹ̀ ń dán ní ètè ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ní Brazil, ẹ̀wà dúdú ni wọ́n fi ń sè é, pẹ̀lú etí ẹlẹ́dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, ìrù rẹ̀, àti ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́. Ọjọ́rú àti Sátidé ni ilé oúnjẹ wọn sábà máa ń tà á, pẹ̀lú ìrẹsì, ọsàn, àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yan lọ́ràá, tí kò jìnnà sí gàrí. Mo jẹ tán, mo tún na abọ́. Èmi tí wọ́n fi gbẹ̀gìrì àti àdàlú tọ́ dàgbà, n kò mọ̀ pé ẹ̀wà lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Mọ́sálásí ńlá kan wà láàárín Porto-Novo tí wọ́n kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia gẹ́lẹ́. Àwọn Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí ló wà nídìí rẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni bí àwọn tó ń kírun nínú rẹ̀ ṣe ń jẹ ẹ̀wà tiwọn. Ní Èkó pàápàá, fùrèjọ̀n tí àwọn Àgùdà ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, omi àgbọn ni wọ́n fi ń sè é, ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ kò débẹ̀ rárá. Èyí ì bá wọ ilé wa láìsí ìjà. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ṣáà wà lọ́kàn tèmi: feijoada ni n óò sè ní Kérésìmesì.

Ìyàwó mi ì bá dá mi lẹ́kun, ṣùgbọ́n ó ti lọ wẹ ọmọ ní Ìlọrin. Bó ṣe kù díẹ̀ kí ọdún dé, mo wọkọ̀ lọ sí apá Ọ̀mù-Àrán, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Ó bá mi wi irun ẹran tí mo rà níná, ó fi abẹ fá a, ó ń fá a lọ ó ń sọ̀rọ̀ lọ: bí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ ṣe gba Benin wọ Nàìjíríà ní 1997, bó ṣe tún padà wá ní 2020 tó pa ẹlẹ́dẹ̀ àwọn ará Òkè-Arò bẹẹrẹ. Àrùn yẹn kì í ran ènìyàn, ó ní, ṣùgbọ́n kí n rí i pé ẹran náà jinná dénú, torí pé èyí tí kò jinná a máa kó àràn síni nínú. Mo ní mo ti mọ̀. Ó kó o sínú náílọ́ọ̀nù dúdú fún mi.

Bàbá kan tó dé fìlà funfun, tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ló jókòó tì mí nínú ọkọ̀ nígbà tí mo ń bọ̀. Ó wo náílọ́ọ̀nù orí itan mi.

"Ẹran lẹ gbé yẹn?"

"Ẹran ni, bàbá."

"Ẹran kí ni?"

N kò mọ ohun tó tì mí tí mo fi dáhùn pé, "Ọ̀yà ni."

Ojú bàbá tàn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fi ojú kan ọ̀yà. Ṣé wọ́n dúńbú ẹ̀? Mo ní wọ́n dúńbú ẹ̀. Ta ló dúńbú ẹ̀? Mo ní Mùsùlùmí ni, ó tiẹ̀ ṣe Bìsìmílà kó tó gbé ọ̀bẹ. Èmi, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin! Bàbá ní kí n bá òun dá a sí méjì, kí n sì dá iye lé e. Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní bó bá ṣe itan ni, òun á gbà á. Mo ní ẹran ti ní olówó. Bàbá ní òun á fi owó lé owó olówó ọ̀hún. Ibi tí a ti ń nàjà yìí ni ọkọ̀ ti ré sínú kòtò kan lẹ́bàá Òró, náílọ́ọ̀nù ya, ẹsẹ̀ kan sì yọ jáde sí ojú gbogbo ayé.

Ẹni tó fá a mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà funfun, ó mọ́ tónítóní, pátákò méjèèjì dúró ṣánṣán lẹ́nu rẹ̀. Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó kó o sí àpò kejì.

"Ọ̀gá," ó ní, "ọ̀yà tiyín mà wọ bàtà."

Ọkọ̀ dàrú fún ẹ̀rín. Títí a fi dé Àjàṣẹ́, bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àfi ìgbà tí mo sọ̀ tó yọ orí lójú fèrèsé pé, "Ẹ kú ọdún o. Ẹ bá wa kí ọ̀yà."

Ó yẹ kí n ti gbọ́ ìkìlọ̀ níbẹ̀. Ilé Ìyá Ìbejì, ìyàwó kékeré Àlàájì, ni mo gbà lọ láti yá ìkòkò ńlá méjì. Inú ilé ló bá mi nígbà tó fi délé ọkọ, kì í pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló ń pè mí. "Akọ̀wé, kí lẹ fẹ́ fi sè?" Mo ní ẹ̀wà ni. Irọ́ kọ́. Ẹran tó ń bọ̀ nínú ẹ̀wà ni n kò dárúkọ. Ètò mi ni pé ìkòkò kan á jẹ́ ti ẹja, fún Àlàájì àti àwọn àlejò rẹ̀. Èkejì á jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, fún èmi àti àwọn ará ìjọ. Nínú orí mi, ìkòkò méjì, ẹ̀sìn méjì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ti ẹja kò yọ mí lẹ́nu. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ni kí ẹ gbọ́. Ẹ̀wà olóyin ni mo rà, torí pé oníẹ̀wà yìn ín dé ọ̀run. Mo da ẹ̀wà, ẹsẹ̀, etí, àlùbọ́sà àti iyọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo bomi lé e, mo koná mọ́ ọn. Ẹ̀yin tó mọ ìdí ààrò ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wà olóyin kì í pẹ́ jinná. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ ń fẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tí ẹ̀wà ti yọ́ di ẹ̀kọ mímu, etí ẹlẹ́dẹ̀ ṣì ń ta ìgbákọ padà. Mo ní kò burú, n óò fi ẹ̀wà mìíràn kún un, irú èyí tó le. Mo da dúrọ́ọ̀mù sí i ní tútù. Ó wá kan dúrọ́ọ̀mù láti ya olórí kunkun, oòrùn ti dé àtàrí, àwọn ará ìjọ sì ti ń kọ orin bọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìgbà náà ni mo rántí kánún.

Kánún a máa mú ẹ̀wà rọ̀, òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ìwọ̀nba bín-ín-tín. Èyí tí mo jù sí i kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ti léfòó sójú ìkòkò, ó nípọn tó ìka. Bí kánún ṣe kàn án, ó hó ṣùù, ìfófòó gbé ọmọrí kúrò lórí ìkòkò, ó ṣàn kalẹ̀, ó sì pa iná. Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá wa, tó ń kọjá lọ, dúró, ó fa imú.

"Akọ̀wé, ọṣẹ lo ń sè ni?"

Mo rò pé ó ń bú mi ni. Ó jókòó, ó là mí lọ́yẹ̀. Omi eérú àti àdín ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Eérú ló ń ta, ọ̀rá ló ń gbà á, wọ́n á jọ di ọṣẹ. Kánún tí mo dà sórí ọ̀rá, ọmọ ìyá eérú ni. Ó fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó tutọ́. "Ó ku kí o wá kàn-ìn-kàn-ìn sí i."

Mo da omi rẹ̀ nù, mo ṣa ẹran, mo fi omi gbígbóná ṣàn án, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ojora ti mú mi, mo ń sáré láàárín ààrò méjì pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́: mo ro ti ẹlẹ́dẹ̀, mo tọ́ ọ wò, mo yí padà, mo ro ti ẹja. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ti jókòó sórí àtẹ̀gùn mi tó ń wò mí.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ ò fọ ìgbákọ."

"Ìgbákọ wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi ro ẹlẹ́dẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni?"

"Gbogbo ìkóríta ló mọ̀. Wọ́n ní ọ̀yà tó wọ bàtà ni."

Bó ṣe di pé ìkòkò méjèèjì di ti ìjọ nìyẹn. Mo lè dákẹ́. Ọmọ náà kò lè dákẹ́. Mo wẹ ọwọ́, mo wọ agbádá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì níwájú àwọn àlejò rẹ̀ tí wọ́n ti ń retí oúnjẹ Kérésì. Mo ro ẹjọ́ mi láti Porto-Novo dé ìdí ìgbákọ. Kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n jókòó sílẹ̀ bí ère òkúta Èsìẹ́. Ère tó lé ní 1,000 ló wà ní mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1945, ẹ lè kó àlejò Àlàájì wọlé tì wọ́n lọ́jọ́ yẹn kí olùtọ́jú ibẹ̀ má fura. Ìyá Ìbejì nìkan ló ké. Ó káwọ́ lérí. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní ìkòkò wọ̀nyẹn nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ.

Àáfà tó wà nínú àwọn àlejò ló bá mi tú u. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti bi Ànábì léèrè nípa ìkòkò àwọn tí wọ́n ń se ẹlẹ́dẹ̀, èsì sì ni pé bí ènìyàn kò bá rí òmíràn, kó fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, kó sì lò ó. Mo mí kanlẹ̀. Mo ti fẹ́ dìde.

"Àáfà," Ìyá Ìbejì ní, "ẹ ní bí a ò bá rí òmíràn. Òmíràn ń bẹ. Ó wà lọ́jà. Akọ̀wé ló máa rà á."

Àlàájì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn àlejò náà bá jí. Ìyá Ìbejì ló dáná ìrẹsì fún wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì bu tèmi ránṣẹ́, torí pé ẹ̀wà tí a fi ọṣẹ ṣe kò ṣeé jẹ, ìkòkò kejì nìkan kò sì kárí àwọn akọrin. Mo tún jẹ gbèsè.

Mo ti sè é padà láti ìgbà náà, ó sì dùn. Ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kaná, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, títí ọ̀bẹ yóò fi wọ awọ rẹ̀ láìjanpata. Ẹ fi ìgbákọ kó ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò. Ẹ se dúrọ́ọ̀mù lọ́tọ̀, ẹ dà wọ́n pọ̀ nígbà tí méjèèjì bá ti rọ̀, kí iyọ̀ dé gbẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí kánún mọ̀ pé ẹ ń dáná. Ìkòkò méjèèjì wà nílé ìdáná mi, mo fi ọ̀dà pupa kun ọrùn wọn. Méjì tuntun wà lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, ó sì ti sọ fún mi pé wọn kò ṣeé yá. Ní ti adìẹ Kérésì, láàyè ni mo ń gbé e lọ báyìí. Ilé Àlàájì ni wọ́n ti ń dúńbú ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sè é, wọ́n á sì bu tèmi wá fún mi.